Oògùn Kòkó Tí Ògúntádé Ń Mu

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí dé ọwọ́ rẹ, bóyá ní ọjà Olódò ni wọ́n ti fi lé ọ lọ́wọ́, bóyá inú ọkọ̀ lo ti bá a lórí ìjókòó, fara balẹ̀ kà á. Kò gùn. Ìtàn ọkùnrin kan ni, kì í ṣe ìtàn olè, kì í sì í ṣe ti apànìyàn. Bí o bá pàdé rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, ìwọ gan-an yóò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ògúntádé ni orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Èrúnmu, ní àwọn ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ó ka ìwé díẹ̀ ní ilé ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un láti kékeré, ó sì mọ orin ìsìn kọ débi pé bí ó bá gbé ohùn ìsàlẹ̀ sókè, àwọn ará iwájú a máa bojú wẹ̀yìn. Àmọ̀pé ni ìyàwó rẹ̀. Wọ́n dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí ọmọ. Títíladé ni ọmọ náà, Títí ni wọ́n ń pè é, ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Ọtí ló wà láàárín Ògúntádé àti Ọlọ́run. Kì í mu ún kó ṣubú sí kòtò. Kò na ìyàwó rí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń mu ún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó tó fi omi bọ́jú, yóò ti fi ògógóró fọ ẹnu. Bí ó bá dé oko, a mu díẹ̀ kí ara lè gbóná. Ní ọ̀sán, a mu ti oúnjẹ, bí kò tilẹ̀ sí oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, a mu èyí tí yóò fi gbàgbé àwọn tí ó ti mu ṣáájú. Ojú rẹ̀ a máa dà bí ojú ẹni tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Títí a sọ̀rọ̀ sí i, a tún un sọ, kí ó tó ní, “Ẹ̀n? Kí lo wí?”

Bí wọ́n bá pè é ní ọ̀mùtí, a rẹ́rìn-ín. “Èmi kẹ̀? Ẹ lọ wo Múyì!” Múyì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń mu, ẹni tí gbogbo abúlé mọ̀ pé ẹ̀bá ọ̀nà ni ó ń sùn sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní Múyì tirẹ̀ tí ó ń sá sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Àmọ̀pé bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọtí náà nù. Bí ó bá rí i lábẹ́ ibùsùn, a dà á nù. Bí ó bá rí i nínú àká, a dà á nù. Ògúntádé kò bínú. Ó jókòó, ó ronú, Sàtánì sì bá a ronú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣe kòkó mọ oògùn tí a ń fọ́n sí i kí kòkòrò má bà á jẹ́. Májèlé ni. Àwọn tí ń kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́ ti kìlọ̀ títí pé kí a má ṣe bù ú sínú ohunkóhun tí a fi ń jẹ tàbí tí a fi ń mu. Ṣùgbọ́n agolo rẹ̀ wúwo, oko sì jìn. Nítorí náà àwọn àgbẹ̀ ìhà ibẹ̀ a máa bù ú sínú ìgò, wọn a fi ṣùkù àgbàdo dé e, wọn a sì so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn, kí tilé-toko lè mọ̀ pé ikú wà níbẹ̀. Àmọ̀pé kì í fọwọ́ kan ìgò alákìísà. Bí ó bá ń gbálẹ̀, ńṣe ni ó máa ń yà fún un.

Ní ọjọ́ kan Ògúntádé mú ìgò mìíràn. Ó rọ ògógóró sínú rẹ̀, ó fi ṣùkù àgbàdo dé e, ó so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì gbé e sí ìdí ògiri, ní ojútáyé. Ó pe ìyàwó àti ọmọ.

“Ẹ wo ìgò yìí o. Oògùn kòkó ni. Ẹni tó bá fẹnu kàn án, ó kú nìyẹn. Títí, ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

Àmọ̀pé dúpẹ́ pé ọkọ òun ń ṣọ́ ilé. Láti ọjọ́ náà, Ògúntádé ń fi orógbó pa òórùn ẹnu, Àmọ̀pé kò sì rí ọtí dà nù mọ́. Ó rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun, ó sì mú ọrẹ ọpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ rẹ̀ bá a ru ẹrù ọpẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n Títí ń wo bàbá rẹ̀. Ní òwúrọ̀, bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ pọnmi, a rí bàbá tí yóò yọ ṣùkù, tí yóò gbé ìgò sẹ́nu, tí yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè, tí kò sì ní kú. Ó rí i lónìí, ó rí i lọ́la. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn mọ̀ ọ́n lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí Bàbá wí nípa ìgò alákìísà kì í ṣe òótọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Àmọ̀pé lọ ta ẹ̀fọ́ ní Olódò, Ògúntádé sì mú ọmọ lọ sí oko. Àkókò àti fọ́n oògùn ti tó. Ó gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó mú ìgò oògùn gidi dání, ó sì fi kèrègbè ọtí sábẹ́ abíyá. Kò rántí omi mímu.

Oòrùn mú. Títí ní, “Bàbá, òùngbẹ ń gbẹ mí.”

“Mo gbọ́. Jẹ́ kí n ṣe èyí tán.”

Kò ṣe é tán. Ó jókòó sí ìdí igi kòkó pé kí òun simi díẹ̀, ó sì sùn lọ. Nínú oorun náà ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tí ó tún ń bèèrè omi. Ó rò pé òun dá a lóhùn. Kò dá a lóhùn.

Nígbà tí ó jí, Títí ti wà nílẹ̀ níwájú ahéré, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìfófòó wà lẹ́nu rẹ̀. Ìgò alákìísà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó tu dànù pọ̀ ju èyí tí ó gbé mì lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbé mì tó.

Ẹ ó rò pé Ògúntádé kígbe. Kò kígbe. Inú rẹ̀ dákẹ́ pátápátá. Ó gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó ń sáré, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń sáré, tí òun wá ń wò ó. Ó rí i pé bàtà òun kan ti bọ́. Ó rí eèrà lára igi. Kò mọ nǹkan kan lára.

Bí ó ti yọ sí ojú títì, ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà kan ń bọ̀ láti Olódò. Yésúfù ló ń wà á, awakọ̀ tí gbogbo ará ọ̀nà Èrúnmu mọ̀. Àwọn obìnrin ọjà ló kún inú rẹ̀, Àmọ̀pé sì wà láàárín wọn. Kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa ni ó ti bẹ́ sílẹ̀.

Yésúfù yọrí síta. “Ìgboro là ń padà sí! Ẹni tí kò bá lọ, kó sọ̀ kalẹ̀!” Ẹnì kankan kò sọ̀ kalẹ̀.

“Gìrì ni!” ni àwọn obìnrin ń wí. “Ẹ wo ojú rẹ̀, gìrì ti gbé e. Ta ló ní àdín lọ́wọ́? Ẹ fi pa á lẹ́sẹ̀!”

Àmọ̀pé gbá ọmọ mọ́ àyà. “Bàbá Títí, kí ló ṣe é?”

Ògúntádé la ẹnu. Ó mọ ohun tí ó ṣe ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dárúkọ oògùn kòkó, wọn yóò bi í pé báwo ni ọmọ tí a ti kìlọ̀ fún ṣe lè mu ún, ọ̀rọ̀ yóò sì tú dé ìdí ògiri ilé rẹ̀.

“Gìrì ni,” ni ó wí.

Ìwọ tí ń kà á, má yára bú u. Ọmọ ń kú lọ lórí itan ìyá rẹ̀, bàbá ń ṣọ́ ìgò ọtí. Ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn nìyẹn. Kì í kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìkà. A kọ́kọ́ sọ ọ́ di òkúta.

Ní ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì kan gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kò ní àkókò eré. “Kí ló jẹ? Kí ló mu?”

“Gìrì ni, ẹ gbà mí, gìrì ni,” ni Àmọ̀pé wí.

Nọ́ọ̀sì gbé imú sókè. “Ta ló ń rùn fún ọtí níbí?”

“Bàbá rẹ̀ ni,” ni obìnrin ọjà kan tí ó tẹ̀ lé wọn dá a lóhùn.

“Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká rí ibi ṣiṣẹ́.”

Ògúntádé sún sẹ́yìn. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó ń wo bí wọ́n ti ń pèsè abẹ́rẹ́ gìrì, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà ni wọ́n fẹ́ wò. Kò mọ ohun tí ó tì í. Ó ṣáà gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

“Oògùn kòkó ni.”

“Ẹ̀n?” Nọ́ọ̀sì yíjú padà.

“Oògùn kòkó ló mu. Kì í ṣe gìrì. Ó máa ń rí mi tí mo ń mu nínú irú ìgò náà. Ọtí ni mo ń rọ sínú tèmi, kí ìyá rẹ̀ má baà dà á nù.”

Ó sọ ọ́ gbẹrẹfu, bí ẹni tí ó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Nọ́ọ̀sì ti sáré lọ pe dókítà kí ó tó sọ ọ́ tán. Àmọ̀pé kò bú u. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ọlọ́run ṣàánú. Títí yè. Dókítà sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé bí àwọn bá ti ń wo gìrì lọ ni, ọmọ náà ì bá ti kú.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jó, kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà sí ilé, Títí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ mọ́. Kò gba oúnjẹ, kò gba omi. Bí ìyá rẹ̀ bá jáde, ńṣe ni ó ń jókòó pẹ̀lú ètè gbígbẹ títí ìyá yóò fi dé. Ní ọjọ́ kan Ògúntádé bu omi, ó kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ lójú ọmọ, ó wá na ife náà sí i.

“Wò ó, mo ti mu ún. Omi ni.”

Ọmọ náà mi orí. “Èyí tí ẹ̀yin ń mu kì í pa yín, Bàbá.”

Ògúntádé gbé ife náà sílẹ̀.

Láti ilé ìwòsàn ni kò ti fẹnu kan ọtí. Òógùn ń bò ó, kò sì sùn dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń fi agbára ara rẹ̀ dì í mú. Ó rí bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ tí ó gba ẹ̀yìnkùlé ìyá ọlọ́tí kọjá, tí Múyì sì rí i.

“Ògún! Wọ́n ní o ti di wòlíì! Ọmọ kú tán, ọmọ jí, ṣé a kì í mu sí ìyẹn? Wá jókòó, jàre.”

Ó jókòó. Ó mu ún. Kò dùn, kò korò. Ó dìde lọ sí ilé, bí Títí sì ti gbọ́ òórùn rẹ̀, ó rọra lọ dúró sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ògúntádé rí i. Ìgbà náà ni ó mọ̀ pé òun kò lè gba ara òun là.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ kàwé, Jacob, Onítẹ̀bọmi, tí oko wọn jọ pààlà. Jacob wá kí i ní ọjọ́ kejì. Ó bá a lórí ẹní kòkó tí ó ń sá, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó bá a tú u ká.

“Jacob, n kò lè sunkún,” ni Ògúntádé wí.

“Ta ló ní kí o sunkún?”

“Gbogbo àwọn tó ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ló ń sunkún. Mò ń gbọ́ wọn láti ilé mi.”

Jacob rẹ́rìn-ín. “Ariwo wa pọ̀ lóòótọ́. Má jẹ́ kí ìyẹn dí ọ lọ́nà.”

“Inú mi ti kú ni. Bí mo bá gbàdúrà, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú àmù gbígbẹ ni. Mo fẹ́ kí ó dùn mí, kò dùn mí. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́wọ́ mi, Jacob, mo sì ń wo eèrà.”

Jacob tún fọwọ́ tú kòkó ká. Ó wá ní, “O rántí olórí sínágọ́gù tí ó wá pe Olúwa nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin? Kí wọ́n tó dé ilé, ọmọ ti kú. Àwọn tó ń sunkún kún ilé. Kí ni Olúwa ṣe sí wọn?”

“Ó lé wọn jáde.”

“Àwọn tó ń sunkún gan-an ni ó lé jáde! Bàbá àti ìyá ni ó mú wọlé. Ó di ọwọ́ ọmọ mú, ó jí i. Kò bi òkú léèrè pé báwo ni ara rẹ. Bí inú rẹ bá ti kú, Ògúntádé, ìwọ ni ó wá wò. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kí ni ó ní kí wọ́n ṣe fún ọmọ náà?”

Ògúntádé ronú. “Ó ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ.”

“Iṣẹ́ tó kù fún bàbá nìyẹn.”

“Ọmọ tèmi kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi.”

“Ọwọ́ kan náà tí o fi so àkísà mọ́ ìgò lo ṣì fẹ́ fi bọ́ ọ. Fi ọwọ́ náà fún Olúwa ná. O ti fi agbára rẹ jà, o sì rí ibi tó gbé ọ dé lánàá.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Múyì. Ta ni Múyì kì í sọ fún?”

Ògúntádé kúnlẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní kòkó. Jacob ní kí ó gbàdúrà fúnra rẹ̀, kí ó sọ ọ́ bí ó ti rí. Ó ní, “Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo purọ́ fún ìyàwó mi, mo purọ́ fún ọmọ mi, mo mú ọpẹ́ irọ́ wá sínú ilé rẹ. Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi láti mu ikú. N kò ní ẹkún tí mo lè mú wá. Mo gbà pé Jésù kú fún irú mi. Gbà mí.”

Ó dìde. Iná kankan kò ràn nínú rẹ̀. Jacob bi í pé, “Báwo ló ti rí?”

“N kò mọ̀.”

“Ó tó. Ẹni tó gbà ọ́ mọ̀.”

Wọ́n sì tú kòkó náà ká tán.

Ó fọ́ gbogbo ìgò inú ilé, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ó kan àpótí kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, inú rẹ̀ ni agolo oògùn kòkó ń gbé ní oko láti ìgbà náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a rin orín, a kó ìyàwó àti ọmọ jọ fún àdúrà, lẹ́yìn náà a lọ sí ìdí àrò, a ro ògì. Kò mọ̀ ọ́n rò. Àwọn ti àkọ́kọ́ dì bí ẹ̀kọ tútù. Ó ń se omi mímu, ó ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó ń dé àmù, bí nọ́ọ̀sì ti kọ́ wọn. Kì í lọ sí oko láìjẹun mọ́, kì í sì í lọ láìgbé omi. Ìrọ̀lẹ́ kì í bá a níta. Bí Títí bá sọ̀rọ̀, a fi ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀, a wo ojú rẹ̀, kí ọmọ má baà ní láti tún un sọ.

Òùngbẹ ọtí ń yọ ọ́ lẹ́nu síbẹ̀. Èmi kò ní purọ́ fún ọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó ń mú un débi pé yóò sáré lọ sí oko Jacob, yóò ní, “Ó ti dé o,” Jacob yóò sì fún un ní àdá kan, wọn yóò jọ máa ro oko títí yóò fi kọjá.

Múyì gbọ́ ti ògì náà. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń pariwo: “Ẹ wá wo ọkùnrin tó ń ro ògì o! Ìyá Títí kejì!”

Ògúntádé yọjú. “Ó kù nínú ìkòkò. Ṣé wàá mu?” Múyì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọmọ náà ń wò ó. Oṣù ń wọlé, oṣù ń jáde. Láràárọ̀ ni Ògúntádé ń bu ti Títí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, láràárọ̀ ni Títí ń tì í sẹ́yìn títí ìyá rẹ̀ yóò fi wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún un. Ògúntádé kò bá a wí. Àmọ̀pé ní kí ó má bù ú mọ́, pé ó ń dun òun. Ọkọ rẹ̀ ní, “Ìwọ jẹ́ kí n máa bù ú. Iṣẹ́ tèmi ni.”

Nígbà ọyẹ́, ní òwúrọ̀ kan, Àmọ̀pé wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa igi. Títí jókòó, ó fi aṣọ bo ara. Bàbá gbé ògì kalẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó sì padà sí ìdí àrò. Ó gbọ́ ìró ṣíbí. Kò yíjú padà kíákíá.

“Bàbá,” ni Títí wí, “kò dùn tó ti ìyá mi. Ẹ fi ṣúgà sí i.”

Ó fi ṣúgà sí i. Ọmọ náà mu ún tán. Ògúntádé kò sunkún, kò kígbe pe aládùúgbò. Ó gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ó gbẹ. Nígbà tí ó fẹ́ dìde, ó tún jókòó, ó ń wo àwo náà. Ó ti pẹ́ tí ó ti mọ nǹkan kan lára bẹ́ẹ̀.

Ìwọ ńkọ́?

Bóyá kì í ṣe ọtí ni tìrẹ. Bóyá ọtí náà ni, tí o sì ti rí Múyì kan tí o fi ń bojú. O ti sọ fún àwọn ará ilé rẹ pé ohun kan ni, nígbà tí ohun mìíràn wà nínú rẹ̀. Ìyàwó lè gbà ọ́ gbọ́. Àlùfáà lè gba ọrẹ rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ ń wò ọ́, ohun tí wọ́n rí ni wọn yóò ṣe, kì í ṣe ohun tí o wí.

Má sọ pé ọkàn rẹ ti yigbì jù. Má sọ pé o fẹ́ dúró di ìgbà tí omijé bá dé, tàbí di ẹ̀yìn ìkórè, tàbí di ọdún tuntun. Jésù kò kú fún àwọn tí ó mọ ẹkún sun. Ó kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Gbogbo ohun tí ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ ni òótọ́. Ògúntádé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn kò dé ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, lónìí, níbi tí o jókòó sí yìí, dárúkọ ohun tí ó wà nínú ìgò rẹ fún Ọlọ́run. Pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Bẹ Jésù pé kí ó gbà ọ́. Bí o kò bá mọ nǹkan kan lára, má bẹ̀rù, ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Wá onígbàgbọ́ kan tí o lè sá tọ̀ lọ nígbà tí ìdánwò náà bá tún dé.

Bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, dìde, wẹ ọwọ́ rẹ, kí o lọ bi ọmọ rẹ bóyá ó ti jẹun.